Ṣé ẹni tó ti ní kéèsì rí lè ṣe júrì ní Amẹ́ríkà? Bẹ́ ẹ ṣe máa dá ìwé tí kóòtù fi ń pe èèyàn sí júrì lóhùn rèé

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtokù ló gbé fóònù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sápọ́n, èékánná wọn ṣì dúdú fún aró, wọn ò tiẹ̀ tíì jókòó tán tí wọ́n ti ń sọ pé, "Jọ̀ọ́ ọmọ mi, bá mi ka nǹkan yìí, wọ́n tún fẹ́ gbé bọ̀dá ẹ lọ sí kóòtù." Ọmọ wọn tó wà ní Texas ni wọ́n ń pè ní bọ̀dá mi. Mo fẹ fọ́tò náà lójú, mo kà á, mo ní, "Màmá, wọn ò pè wọ́n lẹ́jọ́ o, júrì ni wọ́n ní kí wọ́n wá ṣe, ẹjọ́ ẹlòmíì ni wọ́n ní kí wọ́n wá bá wọn dá." Màmá wò mí bíi pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Bọ̀dá ẹ tó ti ní kéèsì ńbẹ̀? Òun ni wọ́n fẹ́ kó wá dájọ́?"

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ eléyìí, torí kì í ṣe Màmá nìkan. Ó ti tó ẹni mẹ́rin báyìí tó ti gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé nínú Abẹ́òkúta yìí ẹ ò lè ju òkúta kó má ba ilé ẹni tó lọ́mọ ní Houston tàbí Atlanta tàbí London, ohun tí gbogbo wọn sì kọ́kọ́ ń rò ni kí wọ́n sọ ìwé náà nù, tàbí kí wọ́n kàn máàkì ibi tó bá ṣáà ti wù wọ́n kí wàhálà lè tán. Méjèèjì ló burú. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, mo ń tẹ̀wé mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì ni, àmọ́ mo ti jókòó ka òfin wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti ṣe àṣìṣe kan nínú ẹ̀ tí mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe, màá sọ ọ́ níwájú.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ júrì: lọ́dọ̀ tiwa níbí, tẹ́ ẹ bá dé kóòtù Májísíréètì ní Ìsàbọ̀, adájọ́ kan ṣoṣo lẹ máa bá lórí àga, òun ló máa gbọ́ ẹjọ́, òun ló máa sọ pé o jẹ̀bi, òun náà ló máa sọ iye oṣù tó o máa lọ lò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìbarà. Ní Amẹ́ríkà, tó bá ti jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn tó lágbára, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí kí àwọn ará ìlú, méjìlá lọ́pọ̀ ìgbà, jókòó gbọ́ ọ. Adájọ́ á sọ ohun tí òfin wí, àmọ́ àwọn ará ìlú yẹn ló máa sọ bóyá ó jẹ̀bi àbí kò jẹ̀bi, látọdún 2020 tí Supreme Court wọn sì ti dá ẹjọ́ kan tó wá láti Louisiana, gbogbo àwọn júrì ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí wọ́n tó lè dá èèyàn lẹ́bi irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀, ìpínlẹ̀ yòówù kó jẹ́. Àwọn bàbá wa náà ní Ògbóni tó ń jókòó gbẹ́jọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, àmọ́ oyè ni wọ́n fi jẹ àwọn yẹn. Ẹni tó ń ṣe júrì ò joyè kankan, kọ̀ǹpútà ló kàn mú orúkọ ẹ̀ láàárín àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, tàbí àwọn tó ní láísẹ́ńsì ọkọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìwé fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò yẹ. Kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó ti ní kéèsì, kò mọ ẹni tó ṣì ń lo green card, ìyẹn ìwé ìgbélùú tẹ́ni tí kò tíì di sítísìn. Pé ìwé dé, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti yàn yín, wọ́n ń bi yín ni pé ṣé ẹ yẹ? Ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ yín ni ìdáhùn, òótọ́ pọ́ńbélé, lásìkò. Tó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ti ìjọba àpapọ̀, ọjọ́ mẹ́wàá péré lòfin fún yín láti dá a padà, nítorí náà tí ìyá yín bá ní òun á kọ́kọ́ gbàdúrà sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbà á lọ kẹ́ ẹ sì máa ka ìwé lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo orí ìwé

Kí ẹ tó ka ìbéèrè kankan, ẹ wo kóòtù tó fi ránṣẹ́. Oríṣi méjì ló wà lọ́hùn-ún, ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, òfin júrì wọn ò sì jọra rárá. Ti ìjọba àpapọ̀ máa ń kọ "United States District Court" gàdàgbà sókè. Ọ̀rọ̀ "United States" yẹn lẹ máa wá o, ẹ má tìtorí pé ẹ rí "District" kẹ́ ẹ ní ẹ ti mọ̀ ọ́n, torí ní Texas àwọn kóòtù ìpínlẹ̀ náà ń jẹ́ District Court, akọ̀wé wọn sì ń jẹ́ District Clerk. Mo ti rí ẹni tó fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ka òfin tí kì í ṣe tiẹ̀ nítorí ẹ̀. Tó bá jẹ́ orúkọ county, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, lẹ rí, bíi Harris County tàbí Fulton County, ti ìpínlẹ̀ nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀

Òfin tó ń darí ẹ̀ ti wà láti 1968. Ó ní kí èèyàn jẹ́ sítísìn Amẹ́ríkà, kó ti pé ọdún 18, kó ti gbé lágbègbè kóòtù yẹn fún ọdún kan, kó gbọ́ òyìnbó kó sì lè kọ ọ́ tó láti fi dáhùn fọ́ọ̀mù náà, kí ara àti ọpọlọ ẹ̀ sì lè gbé iṣẹ́ náà. Ìyẹn ò ṣòro. Èyí tó gbẹ̀yìn ló kan àwa: ẹni tí ẹjọ́ ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, tàbí tí wọ́n ti dá lẹ́bi rí, lórí ẹ̀sùn tí òfin lè torí ẹ̀ rán èèyàn lẹ́wọ̀n ju ọdún kan lọ, tí wọn ò sì tíì dá ẹ̀tọ́ ìlú ẹ̀ padà fún un, ìyẹn ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú bíi ìbò dídì àti júrì ṣíṣe, kò lè ṣe júrì.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Ọmọ àbúrò bàbá mi kan ń gbé ní Atlanta, ó ti ní kéèsì fẹ́lónì kan, ìyẹn ẹ̀sùn ọ̀daràn tó lágbára, ní kóòtù ìpínlẹ̀ Georgia nígbà tó ṣì kéré, adájọ́ fún un ní probation ọdún márùn-ún, ìyẹn pé kó wà nílé kí wọ́n máa ṣọ́ ọ dípò ẹ̀wọ̀n, kò sùn lẹ́wọ̀n ọjọ́ kan. Ìwé ìjọba àpapọ̀ dé bá a, ó fi fóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n máàkì?" Ọjọ́ yẹn, àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ tẹ prójẹ́ẹ̀tì kún ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n tún ti mú iná lọ, mò ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ lọ́wọ́, mo kàn da fóìsì padà fún un pé ṣé o lo ju ọdún kan lẹ́wọ̀n ni? Máàkì No jàre. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fara balẹ̀ wo fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Ohun tí fọ́ọ̀mù kọ ni "punishable by imprisonment for more than one year". Punishable! Kì í ṣe ìyà tó jẹ ẹ́ ni wọ́n ń bèèrè, ìyà tí òfin lè fi jẹ ẹ́ ni. Adájọ́ lè ṣàánú èèyàn kó fún un ní probation, kó má tiẹ̀ fún un ju fáìnì lọ, bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ èyí tí òfin là á sílẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n ẹ̀ lè ju ọdún kan lọ, Yes ni ìdáhùn. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni mo pè é, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni lọ́hùn-ún, ọpẹ́lọpẹ́ pé ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì ẹ̀, kò tíì fi í ránṣẹ́.

Ó tún kù o. Fọ́ọ̀mù á bi yín bóyá wọ́n ti dá ẹ̀tọ́ yín padà. Ọmọ yìí ní "Ẹ̀gbọ́n, mò ń dìbò, wọ́n ti dá a padà nìyẹn." Rárá. Ní Georgia, tó o bá ti parí ìdájọ́ rẹ pátápátá o lè forúkọ sílẹ̀ kó o máa dìbò, àmọ́ jíjókòó sí júrì yàtọ̀, ìyẹn fẹ́ kó o kọ̀wé sí State Board of Pardons and Paroles, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìdáríjì ní ìpínlẹ̀ náà, pé kí wọ́n dá ẹ̀tọ́ ìlú rẹ padà, ọdún méjì lẹ́yìn tó o bá parí ìdájọ́ náà lo tó lè kọ ọ́, láìsí wàhálà tuntun láàárín méjì. Ó ṣe tán, ó máàkì Yes sí ti pé wọ́n dá a lẹ́bi rí, ó máàkì No sí ti pé wọ́n dá ẹ̀tọ́ padà, ó kọ ọdún, county, àti orúkọ ẹ̀sùn náà síbi tí wọ́n ní kó ṣàlàyé, kò kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀, ó dá a padà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọ̀wé sí i pé kò yẹ, ó parí. Nǹkan tó ń lé oorun lójú ẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹni tó jẹ́ pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ gan-an ló dá a lẹ́bi, ọ̀nà tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáríjì ààrẹ Amẹ́ríkà ló ń wá, Office of the Pardon Attorney ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, wọ́n sì máa ń fẹ́ kó tó ọdún márùn-ún lẹ́yìn tó jáde lẹ́wọ̀n, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n dá a lẹ́bi bí kò bá ṣẹ̀wọ̀n, kó tó kọ ọ́. Ẹ má jókòó dúró dè é kẹ́ ẹ tó dá fọ́ọ̀mù lóhùn.

Nǹkan kan wà tó máa ya àwọn ará ibí lẹ́nu. Òfin ìjọba àpapọ̀ yẹn sọ kóòtù tó ń sọ, ó ní "State or Federal", ìyẹn ti ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹni tó ti sùn ní Ìbarà fún oṣù mẹ́fà kó tó rìnrìn àjò, kì í ṣe kóòtù yẹn ni wọ́n ń bi í. Àmọ́ ẹ má wá gbé ìdáhùn yẹn lọ sínú fọ́ọ̀mù ìmígíréṣọ̀n o! Àwọn yẹn ń bèèrè ohun tẹ́ ẹ ṣe níbikíbi láyé. Kí ẹ dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi yín, lórí ìwé tí wọ́n ti bi yín.

Ti ìpínlẹ̀, kálukú ló ní tiẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀, torí kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi ti ẹ̀gbọ́n yín ní California dáhùn fún àbúrò yín ní Florida. Maine ò tiẹ̀ bìkítà, ẹni tó ti ní fẹ́lónì lè jókòó sí júrì níbẹ̀ bíi gbogbo ayé. Colorado ní kó wá sí júrì tó ń gbọ́ ẹjọ́, àmọ́ kò lè wà nínú grand jury, ìyẹn àwọn tó ń pinnu bóyá kí wọ́n fẹ̀sùn kan èèyàn rárá. California yí tiwọn padà láti January 1, 2020: kó tó dìgbà yẹn fẹ́lónì kan ti bà á jẹ́ fún yín nìyẹn, ní báyìí tẹ́ ẹ bá ti parí ẹ̀wọ̀n àti parole (àkókò tí wọ́n fi ń ṣọ́ èèyàn lẹ́yìn tó jáde lẹ́wọ̀n) àti probation fẹ́lónì yín tán, tẹ́ ò sì sí lára àwọn tó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ nítorí fẹ́lónì ìbálòpọ̀, ẹ yẹ. Nítorí náà àwọn tó ń gbé ní Los Angeles tí wọ́n ṣì ń sọ pé "àwa ò lè ṣe é" torí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní 2012, ẹ tún ìwé kà.

Florida, ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ní 2018 àwọn ará ibẹ̀ dìbò fún Amendment 4 tó dá ìbò padà fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ti parí ìdájọ́ fẹ́lónì, gbogbo èèyàn ń jó, àmọ́ ìbò nìkan ló dá padà. Òfin júrì wọn ṣì ní ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi fẹ́lónì ò lè ṣe é àfi tí wọ́n bá dá ẹ̀tọ́ ìlú ẹ̀ padà fún un, ìyẹn sì tún jẹ́ ọ̀nà ọ̀tọ̀. New York náà ní kí ẹni tó bá ti ní fẹ́lónì má ṣe é, àyàfi tó bá ní ìwé tó gbé ìdènà yẹn kúrò, wọ́n ń pè é ní Certificate of Relief from Disabilities tàbí Certificate of Good Conduct. Tẹ́ ẹ bá ní in, ẹ fi ẹ̀dà ẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, ẹ má rò pé wọ́n á wá a fún yín.

Èmi ò rí ọgbọ́n tó wà nínú ká ní kí èèyàn parí ìjìyà, kó máa san owó orí, kó máa dìbò, ká wá ní kò lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ títí ayé ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kónsítítúṣọ̀n 1999 ní ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀sùn ìwà àìṣòótọ́ ò lè du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá, tó túmọ̀ sí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó lè wá ṣòfin fún gbogbo wa! Kálukú pẹ̀lú tiẹ̀ ṣá. Àmọ́ fọ́ọ̀mù kọ́ ni wọ́n ti ń bá òfin jà.

Texas mo fi sílẹ̀ sẹ́yìn torí ibẹ̀ ni ọmọ Màmá wà, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà. Òfin wọn ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe júrì má ti jẹ̀bi fẹ́lónì rí, kó má sì ti jẹ̀bi olè jíjà kékeré, àní èyí tí kò tó fẹ́lónì, tí wọ́n ń pè ní misdemeanor theft. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ẹni tó jí bàtà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́mọdún mọ́kàndínlógún, tó gbà pé òun jẹ̀bi, tó sanwó tó lọ sílé, tó ti gbàgbé, ó ti kúrò nínú àwọn tó lè ṣe júrì ní Texas, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó mu ọtí wakọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì jẹ́ misdemeanor, kò sí ohun tó dí i. Bó ṣe rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ní ẹjọ́ fẹ́lónì tàbí olè jíjà tó ṣì wà nílẹ̀, tí wọn ò tíì parí, ẹ ò lè ṣe é náà.

Ọ̀rọ̀ bọ̀dá yìí wá rèé. Láyé ọjọ́un, wọ́n mú un fún lílo káàdì báńkì tí kì í ṣe tiẹ̀, Texas ń ka ìyẹn sí state jail felony, ìyà ẹ̀ máa ń wà láàárín ọjọ́ 180 sí ọdún méjì. Mo pè é lórí WhatsApp níṣojú Màmá. Mo ní "Bọ̀dá, kí ni adájọ́ fún yín nígbà yẹn?" Ó ní probation. Mo ní "Probation wo?" Ó dákẹ́. Kò mọ̀ pé méjì ló wà. Èyí àkọ́kọ́, adájọ́ á dá èèyàn lẹ́bi, á wá ní dípò ẹ̀wọ̀n kó lọ máa wá sáìnì, ẹ̀bi yẹn ti wà lọ́rùn ẹ̀. Ìkejì, wọ́n ń pè é ní deferred adjudication, èèyàn á gbà pé òun jẹ̀bi tàbí kó ní òun ò bá wọn jiyàn, àmọ́ adájọ́ ò ní tíì sọ pé ó jẹ̀bi, á dá ìdájọ́ náà dúró, á ní lọ máa ṣe dáadáa fún ọdún báyìí báyìí, tó bá ṣe é parí, kóòtù á tú ẹjọ́ náà ká. Òfin Texas ní irú ìtúká bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdálẹ́bi tó lè fi ẹ̀tọ́ du èèyàn, fún irú nǹkan bíi júrì yìí. Ẹni tó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, tí kò tíì parí, kó fi tó akọ̀wé kóòtù létí, kó má dá a pinnu.

Mo ní kó lọ wá ìwé. Ó ní ibo ni òun ti fẹ́ rí ìwé ọdún gbọọrọ. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ yín ní ìwé yín lọ́wọ́, ẹ pè wọ́n, ẹ fún wọn ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ní nọ́ńbà ẹjọ́ tẹ́ ẹ bá rántí ẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Owó kékeré ni. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn lẹ máa fi dáhùn, ẹ má fi ohun tí lọ́yà yín sọ létí yín ní kọ́rídọ̀ dáhùn, torí gbogbo wa la mọ bí ìbẹ̀rù ṣe máa ń dí èèyàn létí lọ́jọ́ ẹjọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó fi fọ́tò ránṣẹ́: Order, Deferred Adjudication, Discharge, Dismissed, gbogbo ẹ̀ pé. Mo yí fóònù sí Màmá. Wọn ò gbọ́ òyìnbó, àmọ́ wọ́n rí mi bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi eléyìí sí i kí n má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà: ti júrì nìkan ni mò ń sọ o. Ìmígíréṣọ̀n ò ka deferred yẹn bí Texas ṣe ń kà á, lójú tiwọn, tó o bá ti gbà pé o jẹ̀bi tí adájọ́ sì ti fún ẹ ní ìjìyà kankan, ìdálẹ́bi ni. Bọ̀dá ti di sítísìn tipẹ́ ni ìyẹn ò fi kàn án.

Àwọn tí kò tíì di sítísìn

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kéèsì la ń sọ, àmọ́ eléyìí léwu ju fẹ́lónì lọ. Tẹ́ ẹ bá ní green card tí ìwé júrì dé, kò sí ìwádìí kankan tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe mọ́, ẹ máàkì pé ẹ kì í ṣe sítísìn, ẹ dá a padà. Kì í ṣe ọ̀ràn láti gba ìwé náà. Ọ̀ràn ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máàkì pé ẹ jẹ́ sítísìn nítorí pé ẹ rò pé ó máa dùn lójú, tàbí pé owó ọjọ́ yẹn wù yín, ìjọba àpapọ̀ ń san 50 dọ́là lójúmọ́. Pípe ara ẹni ní sítísìn nígbà tí èèyàn kì í ṣe é jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn padà sílé, ẹ ò sì ní fẹ́ kó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù júrì ló gbé yín sọ̀ kalẹ̀ ní Kútọ̀ níbí pẹ̀lú báàgì méjì.

Tẹ́ ẹ bá parọ́, tàbí tẹ́ ẹ sọ ọ́ nù

Ní ti ìjọba àpapọ̀, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lórí fọ́ọ̀mù láti fi sá fún júrì tàbí láti fi wọ ibẹ̀, wọ́n lè bu fáìnì tó tó 1,000 dọ́là fún un, wọ́n lè tì í mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n lè ní kó lọ ṣiṣẹ́ ìlú, wọ́n sì lè pa á pọ̀. Ẹni tí wọ́n pè tí kò lọ tí kò sì ní àlàyé, ìjìyà kan náà. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn. Fún ẹni tó ti ní kéèsì tẹ́lẹ̀, kì í tiẹ̀ ṣe fáìnì yẹn ló burú jù, ohun tó burú ni kí orúkọ ẹ̀ tún gòkè níwájú adájọ́ nítorí nǹkan tí kò tó nǹkan.

Jìbìtì kan tún wà tó ń lọ: wọ́n á pè yín lórí fóònù, ohùn gbàgbàrà, wọ́n á ní ṣẹ́rífù làwọn, pé ẹ ò wá ṣe júrì, pé wọ́n ti kọ wọ́ọ̀rántì yín, ẹ ra gift card kíákíá. Irọ́ ni. Kóòtù kì í pe èèyàn gba owó, wọn kì í sì í bèèrè nọ́ńbà káàdì lórí fóònù. Ẹni tó ti ní kéèsì rí ni eléyìí máa ń tètè mú torí ẹ̀rù ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ju fóònù sílẹ̀, nọ́ńbà tó wà lórí ìwé tó wá láti kóòtù nìkan lẹ máa pè. (Ẹ má bi mí àwọn ọmọ ibo ló ń pè wọ́n, ẹ jẹ́ ká fi bò.)

Tẹ́ ẹ bá yẹ ńkọ́?

Kí ẹ yẹ kò tíì túmọ̀ sí pé ẹ máa jókòó. Wọ́n á kó yín jọ sí yàrá kan, adájọ́ àti àwọn lọ́yà á máa bi yín ní ìbéèrè, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì máa ń jẹ́ ṣé ẹ̀yin tàbí ẹbí yín ti ní ẹjọ́ rí. Ẹ má purọ́ níbẹ̀ náà, ẹ ti búra. Bójú bá ń tì yín láti sọ ọ́ níwájú àwọn èèyàn bí ogójì, ẹ nawọ́, ẹ ní ẹ fẹ́ bá adájọ́ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, wọn máa ń gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́yà lè tìtorí ẹ̀ yọ yín, ó lè máà yọ yín, òun tiẹ̀ lè yọ yín láìsọ ìdí kankan, àmọ́ láti 1986 ni Supreme Court ti ní wọn ò gbọ́dọ̀ yọ èèyàn torí pé ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ibi iṣẹ́ yín náà, wọn ò gbọ́dọ̀ lé yín torí pé ẹ lọ ṣe júrì ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, ẹ fi ìwé náà hàn wọ́n ṣáájú.

Ti London, kí n tètè sọ ọ́ kí wọ́n má ní mo gbàgbé wọn. Ní England kò dìgbà tẹ́ ẹ bá di ọmọ ibẹ̀, torí pé Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, tẹ́ ẹ bá sì ti gbé ní UK fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn tẹ́ ẹ pé ọmọ ọdún 13, ìwé júrì lè dé bá yín láti ọdún 18 títí dé 75. Ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ò lè ṣe é títí láé. Ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n tí kò tóyẹn, tàbí tí wọ́n fún ní ẹ̀wọ̀n tí wọ́n so rọ̀ (suspended sentence, tí èèyàn ò ní wọlé àfi tó bá tún ṣẹ̀), ọdún mẹ́wàá ni kó fi sinmi, ẹni tó wà lórí béèlì náà kó dúró ná. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé ìyẹn tiẹ̀ yé èèyàn ju ti Amẹ́ríkà lọ.

Bọ̀dá lọ ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Wọ́n bi í, ó ní òun fẹ́ bá adájọ́ sọ̀rọ̀, ó fi ìwé hàn án, adájọ́ ní ó dáa, kó padà sí àga ẹ̀. Wọn ò mú un sẹ́jọ́ yẹn ṣá, wọ́n ti rí méjìlá kó tó kàn án, aago méjì ọ̀sán ó ti wà nínú ọkọ̀ ẹ̀ tó ń pe Màmá, ohun tí Màmá sì bi í ni pé ṣé wọ́n fún un lóúnjẹ.

Lọ́jọ́ kejì Màmá padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí n tẹ ìwé ìtúká ẹjọ́ yẹn jáde lẹ́ẹ̀mejì, kí n láminéètì ọ̀kan. Mo ní "Màmá, ọwọ́ bọ̀dá ló yẹ kó wà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe ní Ìtokù?" Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ìwé ilẹ̀ ilé wọn wà, ọ̀dọ̀ àwọn náà ni eléyìí máa wà. Mo láminéètì ẹ̀. Wọ́n fi ìdí ìró nu ọwọ́ kí aró má baà ta sí i, wọ́n ká a sínú ọ̀rá, wọ́n sì lọ.